Àfòpiná àti Òórùn tí ń Pè É



Nígbà tí mo sọ fún ìgbìmọ̀ ìjọ pé ọ̀rọ̀ àfòpiná ni èmi yóò bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin Baba Àlùfáà, ṣé àfòpiná tí ó ní òun yóò pa fìtílà náà ni ẹ fẹ́ wàásù lé lórí?" Mo dá a lóhùn pé kì í ṣe ìwàásù. Ọ̀rọ̀ àgbàdo ni. Kò sì sí ilé tí ọ̀rọ̀ àgbàdo kò kàn nínú àwa tí a ń gbé Ṣógúnlé yìí. Àwọn kan nínú yín ń sè é, wọ́n ń sun ún, wọ́n ń tà á lẹ́bàá ojú irin; àwọn kan ń lọ ọ́ fún ògì; àwọn mìíràn sì ní oko ní ìhà Ìfọ̀ àti Ọ̀wọ̀dé, tí wọ́n ń lọ ṣe ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Opó kan wà nínú wa, èmi kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ó gbin àgbàdo sí ìwọ̀n éékà kan ní ìhà Ìfọ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ni ó fi ra irúgbìn àti ajílẹ̀, ó ní bí òun bá kórè tán, òun yóò san án padà sí ipò rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó ránṣẹ́ pè mí kí n wá wò ó. Ewé àgbàdo náà ti di jákujàku bí aṣọ tí ewúrẹ́ jẹ. Ní àárín gbùngbùn igi kọ̀ọ̀kan, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ jáde, ìgbẹ́ kòkòrò kún ibẹ̀ bí èérún pákó ní ìsàlẹ̀ ayùn. Ó ti ra oògùn, ó ti fọ́n ọn, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò náà ti dàgbà, wọ́n ti wọ inú lọ hán-ún, oògùn náà kò kàn wọ́n. Ó wá bi mí ní ohun kan ṣoṣo: "Baba, nígbà wo ni wọ́n dé? Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń bọ̀ níbí, n kò rí ohun tí ó ń fò."

Èmi kò rí èsì fún un ní ọjọ́ náà. Ìbéèrè yẹn ni ó sì mú mi lọ wá ìmọ̀ tí mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ibi náà. Kòkòrò yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà pípẹ́, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè é ní fall armyworm, nítorí pé bí ó bá jẹ oko kan tán, a máa wọ́ lọ sí òmíràn bí ọmọ ogun. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Spodoptera frugiperda. Ní oṣù January ọdún 2016 ni a kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní ilẹ̀ Yorùbá wa níhìn-ín sì ni: nínú àwọn oko àgbàdo ilé-ìwádìí IITA ní Ìbàdàn àti ní Ìkẹ́nnẹ́. Kí ọdún náà tó parí, a ti rí i ní Benin àti ní Togo. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, orílẹ̀-èdè tí ó wọ̀ ní Áfíríkà ti ju 40 lọ. Ní ọdún 2017 àwọn onímọ̀ ṣírò pé bí a kò bá ṣe nǹkan kan sí i, àgbàdo tí yóò bàjẹ́ lọ́dún kan ní orílẹ̀-èdè 12 péré yóò wà láàárín tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 8.3 àti mílíọ̀nù 20.6. Nàìjíríà wà nínú àwọn 12 náà.

Ẹni tí ń jẹ ewé kì í ṣe ẹni tí ń fò. Ọmọ ni ó ń jẹ ewé. Ìyá ni ó ń fò, òru ni ó sì ń fò. Ìdí nìyí tí obìnrin wa kò fi rí i ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àfòpiná ni ìyá yìí, aláwọ̀ eérú, kò ju ìwọ̀n orí àtàǹpàkò lọ nígbà tí ó bá pa ìyẹ́ rẹ̀ dé. Ní òru kan ṣoṣo ó lè bá afẹ́fẹ́ rin ìrìn 100 kìlómítà, èyí tí ó ju láti Ṣógúnlé dé Abẹ́òkúta lọ. Bí ó bá bà, a yé ẹyin 100 sí 200 papọ̀ sójú kan lára ewé, a sì fi irun ara rẹ̀ bò wọ́n. Kí ó tó kú, ẹyin tí yóò yé lè tó 1,500. Ní ìgbà ooru, ẹyin náà a pa lẹ́yìn ọjọ́ 2 tàbí 3. Ọmọ tí ó jáde kéré bí òwú abẹ́rẹ́, ojú ewé nìkan ni ó ń ha, tí ewé náà a máa hàn fúnfun bí gíláàsì fèrèsé. Ìgbà méje tàbí mẹ́jọ tí oòrùn yóò yọ lẹ́yìn èyí ni ìgbà tí agbára ṣì wà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kòkòrò náà a wọ àárín ewé lọ, a sì fi ìgbẹ́ ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìgbà náà ni ó ń jẹ àjẹkì. Nígbà tí a bá rí i lójúkojú, tí a rí àmì funfun tí ó dà bí lẹ́tà Y tí a dojú rẹ̀ kodò ní iwájú orí rẹ̀, àti tóótòò dúdú mẹ́rin tí ó to ara wọn bí igun àpótí ní ìhà ìdí rẹ̀, ó ti jẹ tán.

Nítorí náà ìbéèrè opó yẹn ni ìbéèrè tí ó tọ́. Ẹni tí ó bá mọ òru tí ìyá dé ni yóò lè bá ọmọ nígbà tí ó kéré.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀? Ẹ̀yin yóò ní, "Ẹ tan fìtílà, àfòpiná yóò wá." Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n iná kì í yan ẹni tí ó ń pè. Gbogbo ẹni tí ń fò lóru ni yóò wá síbẹ̀, ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn, èèrà abìyẹ́, àti irú àfòpiná tí kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú àgbàdo. Ohun tí a ń fẹ́ ni ohun tí yóò pe ẹyọ kan ṣoṣo ní orúkọ.

Ọkùnrin ará Faransé kan, Jean-Henri Fabre, tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ wo kòkòrò, ni ó jẹ́ kí púpọ̀ ènìyàn mọ̀ pé irú ohun bẹ́ẹ̀ wà. Ní òwúrọ̀ kan abo àfòpiná ńlá kan jáde nínú ilé òwú rẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, ó sì fi àgò onísẹ́ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ọmọ rẹ̀ pariwo pè é. Wọ́n gbé àbẹ́là wọ inú yàrá, wọ́n sì rí i tí àwọn akọ ń fò yí àgò náà ká, bí 40 ni iye wọn, láti inú òkùnkùn biribiri òde. Ó gbìyànjú lẹ́yìn náà pẹ̀lú irú àfòpiná mìíràn. Ó fi abo sínú gíláàsì tí afẹ́fẹ́ kò lè ti inú rẹ̀ jáde, ó gbé e sí ojú fèrèsé níbi tí gbogbo ojú lè rí i; ó sì gbé àgò tí ó ti sùn sí mọ́jú tì sí igun yàrá tí ó ṣókùnkùn. Àwọn akọ wọlé, wọ́n gba iwájú aya tí wọ́n ń wá kọjá lọ, wọ́n sì lọ bà lé àgò òfìfo. Bí mo bá ti ń rántí rẹ̀, ẹ̀rín a máa pa mí, nítorí mo ti rí àwọn ọmọ ènìyàn tí wọ́n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú kò ṣe nǹkan kan nínú ọ̀ràn náà, òórùn ni.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni pé abo a bà lé ewé ní òru, a yọ kókó ẹran-ara kékeré kan jáde ní ìdí rẹ̀, òórùn kan a sì máa ti ibẹ̀ bá afẹ́fẹ́ lọ. Imú ènìyàn kò lè gbọ́ ọ. Akọ ni ó gbọ́, pẹ̀lú ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì orí rẹ̀. Bí ó bá sì ti kàn án, a kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, a máa fò wọ́gọwọ̀gọ tẹ̀lé e títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ abo náà. Ní ọdún 1959 ni Adolf Butenandt ará Jámánì àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí irú òórùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ gan-an. Abo kòkòrò ṣẹ́dà 500,000 ni wọ́n lò kí wọ́n tó rí díẹ̀ kíún nínú rẹ̀ tí ó tó fún ìwádìí, iṣẹ́ bíi 20 ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣa ilé kòkòrò sányán nínú igbó kí wọ́n tó ran òwú aṣọ kan ṣoṣo, ẹ ó mọ irú sùúrù tí mo ń sọ. Ní ọdún kan náà ni Karlson àti Lüscher fi èdè Gíríkì sọ irú òórùn wọ̀nyí ní orúkọ, fẹ́rómóònù. Èmi yóò máa pè é ní òórùn ìpè.

Lónìí a lè po òórùn yìí nínú ilé-iṣẹ́ láìfi ọwọ́ kan kòkòrò kankan. Èyí tí a pò fún àfòpiná àgbàdo ní ohun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú, ìwọ̀n wọn sì ṣe pàtàkì, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ àti ata ṣe rí nínú ọbẹ̀. Bí èyí tí ó kéré bá dín tàbí lé, ẹni tí a pè lè má wá, tàbí kí ẹlòmíràn wá dípò rẹ̀. A óò fi èyí tí a pò náà rin rọ́bà kékeré kan, tí ó dà bí ìdérí ìgò oògùn abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn, kí ó lè máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Rọ́bà yẹn ni ìjẹ wa.

Nísinsìnyí, ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀. Kí ó ra ìjẹ tí a kọ orúkọ Spodoptera frugiperda sí lára, kì í ṣe "ìjẹ àfòpiná" lásán. Kí ó wo ọjọ́ tí a ṣe é. Bí ó bá délé, kí ó fi í sínú fíríìjì nínú ike rẹ̀ títí ọjọ́ ìlò, nítorí ooru ń lé òórùn náà dànù. Pańpẹ́ tí a ń tà ní ọjà fún un jẹ́ korobá, funfun ní ìsàlẹ̀, àrọ aláwọ̀ ìyeyè ní àárín, ìdérí aláwọ̀ ewé ní òkè. Akọ á bọ́ sínú àrọ, kò sì ní lè jáde mọ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 5 tí a fọ̀ mọ́ tónítóní lè ṣe iṣẹ́ náà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó. A óò gé ojú fèrèsé mẹ́rin sí ìhà rẹ̀ lókè, a óò ta ìjẹ náà mọ́ wáyà lábẹ́ ìdérí kí ó má baà kan omi, a óò sì bu omi ọṣẹ sí ìsàlẹ̀. Ọṣẹ ni ó ń mú kí kòkòrò rì. Nínú omi lásán yóò léfòó, yóò sì bọ́.

Ẹ so ó mọ́ òpó ní ìwọ̀n mítà kan àbọ̀ sílẹ̀. Ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọ oko ni kí ẹ rì í mọ́, kí òórùn náà lè gba orí àgbàdo kọjá. Bí àgbàdo bá ga, ẹ gbé pańpẹ́ ga sí i, kí ó máa wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan lókè ewé. Pańpẹ́ kan tó fún oko éékà kan, àní fún éékà mẹ́rin pàápàá. Ọjọ́ tí a gbìn ín ni kí a so ó, tàbí ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ewé ti ya. Kí a pààrọ̀ ìjẹ láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a kọ sí ara ike rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé èmi fúnra mi ṣe gbogbo rẹ̀ lódì ní àkọ́kọ́. Ilẹ̀ díẹ̀ wà lẹ́yìn ilé tí mo ń gbé, ibẹ̀ ni mo fi dán an wò. Mo so pańpẹ́ mọ́ àárín àgbàdo níbi tí ewé bò ó mọ́lẹ̀. Mo ju ike ìjẹ náà sílẹ̀ lábẹ́ igi lẹ́bàá ibẹ̀, ike tí òórùn kún inú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé akọ tí ó bá wá lè máa yí ike ká. Èyí tí ó burú jù ni pé ìjẹ tí mo rà ti pẹ́ nínú ìsọ̀ kan tí oòrùn ń pa, èmi kò sì béèrè ọjọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wo inú korobá, kò sí nǹkan kan. Mo yọ̀, mo sọ fún àwọn ará ilé mi pé kòkòrò kò sí ní ọ̀dọ̀ wa ní ọdún náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọmọ kékeré kan nínú ilé ni ó wá fi ewé tí ó lu jára hàn mí. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé pańpẹ́ òfìfo kì í ṣe ẹ̀rí. A kò gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ má wọ inú oko.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí pańpẹ́ fi ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ní Togo, àwọn onímọ̀ tí wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2019 rí i pé àfòpiná mìíràn, Leucania loreyi, a máa wọ inú pańpẹ́ náà bákan náà. Ẹni tí ó bá kàn ń kà òkú kòkòrò láìwo ojú wọn yóò dààmú ara rẹ̀ lásán. Akọ tí a ń wá ní àmì funfun ní ṣóńṣó ìyẹ́ iwájú rẹ̀, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun bíi fàdákà. Ẹ ní ìwé kékeré kan. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré jù, ẹ kà wọ́n, ẹ kọ iye wọn pẹ̀lú ọjọ́, ẹ da wọ́n nù, ẹ pààrọ̀ omi. Ìwé náà ṣe iyebíye ju pańpẹ́ lọ, nítorí iye ọ̀sẹ̀ kan kò sọ nǹkan púpọ̀; bí ó ṣe ń lọ sókè láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ gbọ́ ni èyí tí ó kàn. Pańpẹ́ yìí kò ní gba oko yín là. Arákùnrin kan lára wa ra mẹ́wàá, ó so wọ́n yí oko ká bí ẹni tí ó so ààlè, ó ní kòkòrò tán. Akọ nìkan ni òórùn náà ń pè, akọ kì í sì í yé ẹyin. Akọ kan tí ó ṣẹ́kù tó fún ọ̀pọ̀ abo, abo tí ó sì ti gùn kí ó tó ti ọ̀nà jíjìn dé kò nílò akọ kankan mọ́ ní oko yín. Olùṣọ́ tí ń fun fèrè ni pańpẹ́ yìí. Òun kọ́ ni yóò jagun.

Nígbà tí ó bá fun fèrè, ìyẹn nígbà tí akọ bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, ẹ wọ oko. Ẹ rìn ín ní wọ́gọwọ̀gọ, ẹ dúró ní ibi 5, kí ẹ yẹ igi 10 wò ní ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ẹ̀yìn ewé fún ẹyin onírun, ẹ wo ojú ewé fún ibi tí a ha bíi gíláàsì. Ẹyin, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ó dára ju oògùn lọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Bí àgbàdo bá ṣì kéré, tí igi tí a rí àmì tuntun lára wọn bá tó 10 nínú 50, ìgbà náà ni kí a ronú oògùn. Bí ó bá ti dàgbà díẹ̀ tí kò tíì yọ irùkẹ̀rẹ̀, ó lè tó 20 nínú 50 kí a tó dá sí i. Bí irùkẹ̀rẹ̀ bá ti yọ, ẹ fi oògùn sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn ń bu eérú tàbí yanrìn sí àárín ewé, mo sì ti rí i pé ó ń ran oko kékeré lọ́wọ́. Èèrà àti agbọ́n tún ń ṣọdẹ wọn. Oògùn tí a fọ́n láìnídìí ń pa àwọn ọdẹ wọ̀nyí kí ó tó pa ọ̀tá.

Àwọn tí ń gbin ẹ̀wà yóò béèrè bóyá tiwọn wà. Ó wà. Maruca vitrata ni àfòpiná tí ọmọ rẹ̀ ń lu òdòdó àti páádi ẹ̀wà. Ní Benin, àwọn onímọ̀ ti IITA pẹ̀lú àwọn ará Natural Resources Institute ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán òórùn ìpè rẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní ọdún 2003 àti 2004. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 bí irú èyí tí mo sọ ni ó mú jù nínú gbogbo pańpẹ́ tí wọ́n lò. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé abo pẹ̀lú ń wọ inú rẹ̀, ohun tí kò wọ́pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìjẹ kan náà, nígbà tí a gbé e dé ìlà-oòrùn Éṣíà, kò fa wọ́n mọ́ra bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé kòkòrò ibẹ̀ ń sọ ẹ̀ka èdè mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú kòkó tàbí ìyẹ̀fun sínú ilé ìpamọ́, ìjẹ wà fún àfòpiná tiyín náà, pẹ̀lú pańpẹ́ alátè. Ọ̀rọ̀ náà gùn, èmi yóò fi í sílẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́ mìíràn.

Ohun ìkẹyìn fún ọwọ́ yín: ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan náà mú ìjẹ àgbàdo àti ìjẹ ẹ̀wà. Ẹ lo ìbọ̀wọ́, tàbí kí ẹ fi ike mú un. Òórùn tí imú wa kò gbọ́ ń bẹ lára ìka wa síbẹ̀.

Opó tí mo sọ nípa rẹ̀ gbin àgbàdo ní àsìkò òjò tí ó tẹ̀ lé e. Ó so kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo mọ́ òpó ọparun ní ọjọ́ tí ó gbìn. Ọmọ rẹ̀, èyí tí a ná owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ni ó ń kọ ìwé náà. Òfo ni ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta akọ 4. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin 13. Ọmọ náà kò dúró de ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìfọ̀, tí wọ́n ń yí ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹyin. Oògùn ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fọ́n, ní ìrọ̀lẹ́, sí ìhà kan oko náà péré. Kòkòrò jẹ díẹ̀ níbẹ̀, n kò ní purọ́. Ìwé kékeré náà wà lọ́wọ́ mi lórí tábìlì yìí; ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wo bí a ṣe ń fa ìlà rẹ̀ lè wá wò ó kí ẹ tó lọ, kẹ́ẹ̀gì tí a ti gé sì wà ní ẹnu ọ̀nà.